Mathilde, Òkúta Tó Dúdú Ju Èédú Lọ

Bí a bá fẹ́ sọ pé nǹkan dúdú kọjá bó ṣe yẹ, èédú la máa ń fi wé e. Ẹni tó bá ti ra èédú lọ́jà Adjamé rí, tó fọwọ́ ara rẹ̀ kó o sínú àdògán, tó tún fi ọwọ́ kan náà nu òógùn ojú, kò nílò kí n ṣàlàyé fún un. Òkúta kan wà lójú ọ̀run tó dúdú ju ìyẹn lọ. Nínú gbogbo ìmọ́lẹ̀ oòrùn tó ń ta sí i lára, nǹkan bí ìdá mẹ́rin péré nínú ọgọ́rùn-ún ló ń dá padà, ó ń gbé ìyókù mì. Mathilde ni orúkọ rẹ̀, nọ́ńbà rẹ̀ sì ni 253. Kòtò ńláńlá ló kún ara rẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn kòtò náà sì ń jẹ́ Enugu. Bẹ́ẹ̀ ni, Enugu tí gbogbo wa mọ̀ yẹn, ti Nàìjíríà.

Èdè Faransé ni irú ìròyìn báyìí sábà máa ń bá dé ọ́fíìsì wa, ọ̀rọ̀ tí wọ́n sì ń lò níbẹ̀ ni astéroïde. Ẹni tó bá tú u ní tààràtà á ní "ohun tó jọ ìràwọ̀". Orúkọ yẹn ò tẹ́ mi lọ́rùn, torí pé kò jọ ìràwọ̀ rárá, àfi béèyàn bá ń wò ó láti ọ̀nà jíjìn réré. Òkúta ni. Torí náà, òkúta ojú ọ̀run ni màá máa pè é lónìí. Àìmọye irú rẹ̀ ló ń yí oòrùn po láàárín Máàsì àti Júpítà, wọ́n sì tò yí ká bí ìgbàjá tí obìnrin gbà mọ́ ìdí. Èyí tó tóbi jù nínú gbogbo wọn ni Ceres, tó fẹ̀ tó nǹkan bíi 940 kìlómítà láti ẹ̀gbẹ́ kan dé ìkejì. Hygiea náà wà níbẹ̀, ó lé ní 400 kìlómítà. Àwọn méjèèjì, àti Mathilde pẹ̀lú, wà lára ìdílé àwọn òkúta dúdú, ìyẹn àwọn tí kábọ́ọ̀nù wà lára wọn.

Mathilde ò tó Ceres àti Hygiea. Bí a bá fi ibi tó gùn pẹ̀lú ibi tí kò gùn wé ara wọn, á tó nǹkan bíi 53 kìlómítà. Ṣùgbọ́n kò kéré náà. Ibi tó gùn jù lára rẹ̀ tó 66 kìlómítà. Bí wọ́n bá gbé e kalẹ̀ létí ọ̀sà wa níbí, tí orí rẹ̀ wà ní Dabou, ẹsẹ̀ rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ kan Grand-Bassam, gbogbo Abidjan, láti Yopougon títí dé Port-Bouët, á sì wà lábẹ́ rẹ̀.

Ọjọ́ 12 oṣù kọkànlá ọdún 1885 ni ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Johann Palisa kọ́kọ́ rí i, ní ìlú Vienna lórílẹ̀-èdè Austria. Ojú rẹ̀ ni Palisa fi ń ṣiṣẹ́. Á wo inú awò awọ̀nàjíjìn lóru, á fi ohun tó rí wé àwòrán ojú ọ̀run tó wà níwájú rẹ̀, títí á fi rí èyí tó ṣí kúrò nípò tó wà tẹ́lẹ̀. Òkúta 122 ló rí nígbà ayé rẹ̀. Wọ́n fi ìyàwó Moritz Loewy, ọ̀gá kan níbi tí wọ́n ti ń wo ìràwọ̀ ní Paris, sọ èyí lórúkọ, bó ṣe di Mathilde nìyẹn. Fún ọdún 112 lẹ́yìn náà, àmì ìmọ́lẹ̀ tín-ín-tín ló jẹ́ lójú gbogbo ẹni tó bá wò ó. Kò sẹ́ni tó mọ ìrísí rẹ̀.

Ọdún 1997 ni aṣọ ká lójú rẹ̀. NASA, iléeṣẹ́ òfuurufú Amẹ́ríkà, ti rán ọkọ̀ kan tí kò ní èèyàn nínú jáde ní oṣù kejì ọdún 1996. NEAR ni wọ́n pe ọkọ̀ náà, òkúta mìíràn tó ń jẹ́ Eros ló sì ń lọ bá. Àwọn tó ń darí rẹ̀ wò ó pé Mathilde wà nítòsí ọ̀nà, wọ́n ní kó yà kí i. Ní ọjọ́ 27 oṣù kẹfà ọdún 1997, ọkọ̀ náà gba ẹ̀gbẹ́ Mathilde kọjá, ó fi 1,212 kìlómítà jìnnà sí i. Eré tó ń sá fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kìlómítà mẹ́wàá ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹni tó bá fi irú eré bẹ́ẹ̀ kúrò ní Abidjan á ti dé Yamoussoukro kí ọmọ ọkọ̀ gbaka tó gba owó lọ́wọ́ èrò àkọ́kọ́. Pẹ̀lú eré yìí náà, ó ya àwòrán tó lé ní 500.

Ohun tó wà nínú àwọn àwòrán náà ya àwọn onímọ̀ lẹ́nu. Mathilde ò rí róbótó. Ó dà bí ẹ̀bà tí àwọn ọmọ ti bu òkèlè ńláńlá lára rẹ̀ kí bàbá wọn tó jókòó. Kòtò tó tóbi jù lára rẹ̀, Karoo, fẹ̀ tó kìlómítà 33. Èyí tó tẹ̀ lé e, Ishikari, fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 30. Òkúta 53 kìlómítà, kòtò kìlómítà 33 lára rẹ̀! Òkò tó bá lè gbẹ́ irú kòtò yẹn sára òkúta, ó yẹ kó ti fọ́ òkúta náà sí wẹ́wẹ́. Kò fọ́ ọ. Òkò mìíràn tún bà á, òmíràn tún bà á, Mathilde ṣì wà níbẹ̀, etí àwọn kòtò tó ti wà tẹ́lẹ̀ ò sì bàjẹ́.

Ìdáhùn rẹ̀ wà nínú bó ṣe wúwo tó. Nígbà tí ọkọ̀ NEAR ń kọjá, Mathilde fà á díẹ̀, ọ̀nà ọkọ̀ náà sì tẹ̀. Wọ́n wọn bó ṣe tẹ̀ tó láti ilẹ̀ ayé níbí, wọ́n sì fi ṣírò ìwúwo òkúta náà. Bí omi tó kún abọ́ kan bá wúwo tó kílò mẹ́wàá, èyí tí a bá bù lára Mathilde kún abọ́ kan náà á wúwo tó kílò mẹ́tàlá péré. Bẹ́ẹ̀, àwọn òkúta dúdú tó jọ ọ́, tó já bọ́ sílẹ̀ ayé tí wọ́n sì gbé sórí òṣùwọ̀n, fẹ́rẹ̀ẹ́ wúwo tó ìlọ́po méjì ìyẹn. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé nǹkan bí ìdajì Mathilde, àlàfo ni.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ra èédú ní àpò-àpò mọ ọ̀rọ̀ yìí jù mí lọ. Àpò á ga, á yọ ikùn, ẹ gbé e, ẹ rí i pé kò fi bẹ́ẹ̀ wúwo. Òǹtajà tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ dunjú mọ bó ṣe ń to èédú gbọọrọ dábùú ara wọn tí àpò á fi tètè kún. Bí inú Mathilde ṣe rí náà nìyẹn: òkúta lórí òkúta, òfìfo láàárín wọn. Òfìfo yìí ló gbà á là. Ẹ ju òkò sí ìkòkò amọ̀, á fọ́ yángá. Ẹ ju òkò kan náà sínú agbada gàrí, ihò á lu níbi tó bà sí, ìyókù gàrí ò ní mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀.

Ìyá kan tó máa ń ka abala yìí fún àwọn ọmọ rẹ̀ ní Bouaké ti bi mí rí lórí fóònù pé, "Oníròyìn wa, ẹ jọ̀ọ́, ṣé èédú ń bẹ lọ́run ni? Ta ló ń sun igi níbẹ̀?" Mo rẹ́rìn-ín, àmọ́ ìbéèrè gidi ni. Oríṣi dúdú mẹ́ta ló wà níbí, ẹ má ṣe jẹ́ kó dàrú mọ́ yín lójú. Èédú tí à ń fi dáná, igi la sun, tí a bo iná mọ́ inú rẹ̀ kó má bàa di eérú. Èédú inú ilẹ̀, irú ti Enugu, ewéko àti igi ni òun náà tẹ́lẹ̀, àmọ́ ilẹ̀ bò wọ́n mọ́lẹ̀, ó tẹ̀ wọ́n fún àìmọye mílíọ̀nù ọdún títí wọ́n fi di òkúta tó ń jó. Mathilde ò rí igi rí láyé rẹ̀. Kábọ́ọ̀nù tó mú un dúdú ti wà nínú eruku tí oòrùn àti gbogbo àwọn pílánẹ́ẹ̀tì ti jáde wá, ní nǹkan bíi bílíọ̀nù mẹ́rin ààbọ̀ ọdún sẹ́yìn. Igi kankan ò tíì hù nígbà yẹn, àní ayé gan-an ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kó ara jọ ni.

Ohun tí irú òkúta yìí ní nínú kì í ṣe ohun tó ṣàjèjì sí wa. Ní ìparí ọdún 2020, ọkọ̀ àwọn ará Japan bu nǹkan bíi gíráàmù márùn-ún wá sílé láti ara òkúta dúdú kan tó ń jẹ́ Ryugu. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, ti Amẹ́ríkà gbé 121 gíráàmù dé láti ara Bennu. Ìyẹn ò tó kọ́ọ̀bù gàrí kan. Síbẹ̀, wọ́n rí amọ̀ tí omi ti kọjá lára rẹ̀ nínú méjèèjì, wọ́n sì rí irú àwọn èròjà tí ara èèyàn fi ń kọ́ ẹran ara. Àwọn onímọ̀ tó pọ̀ gbà pé irú òkúta báyìí wà lára ohun tó gbé omi àti kábọ́ọ̀nù wá sí ayé nígbà tó ṣì wà ní kékeré.

Kí òkúta máa já bọ́ látọ̀run kò jìnnà sí ilé wa náà. Adágún Bosumtwi wà ní Ghana, lẹ́bàá Kumasi, àwọn Ashanti sì kà á sí ibi mímọ́. Kòtò tí òkúta ojú ọ̀run gbẹ́ ni, ní nǹkan bíi mílíọ̀nù kan ọdún àti ẹgbẹ̀rún lọ́nà 70 sẹ́yìn. Ó fẹ̀ tó kìlómítà mẹ́wàá ààbọ̀. Ooru ìkọlù náà yọ́ òkúta ilẹ̀ ibẹ̀ bí òrí, ó sì ju èyí tó yọ́ náà sókè síhà ìwọ̀ oòrùn. Orílẹ̀-èdè tí à ń gbé yìí ló wá já bọ́ sí, ó ti di gíláàsì dúdú kéékèèké kó tó balẹ̀. Ní ọdún 1934, Alfred Lacroix, onímọ̀ ilẹ̀ ará Faransé, kọ̀wé nípa àwọn gíláàsì yìí tí wọ́n rí ní agbègbè Ouellé, ibi tó jìnnà sí adágún náà ju 200 kìlómítà lọ. Ọdún gíláàsì náà àti ọdún kòtò náà bára mu, ohun tó wà nínú wọn náà bára mu. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣòwò lọ sí Daoukro, ẹ ò jìnnà síbẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ gàrí àti ìkòkò tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan kì í fi í ṣe àwàdà. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹsàn-án ọdún 2022, NASA mọ̀ọ́mọ̀ fi ọkọ̀ kan tó ń jẹ́ DART kọ lu òkúta kékeré kan, Dimorphos, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá èèyàn lè tari irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kúrò lọ́nà. Ó ṣeé ṣe. Dimorphos ń yí òkúta mìíràn tó jù ú lọ po, àkókò tó fi ń yí i po ẹ̀ẹ̀kan sì fi ohun tó lé ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú dín kù. Àmọ́ bó bá jẹ́ òkúta tí àlàfo kún inú rẹ̀ bíi Mathilde ló ń bọ̀ ńkọ́? Àlàfo náà á gba púpọ̀ nínú agbára ìkọlù náà mì, bí gàrí ṣe ń gba òkò. Ẹni tó bá fẹ́ tari nǹkan gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Kí àwọn ọmọ má fòyà ṣá o: Mathilde fúnra rẹ̀ kì í wá sí ọ̀dọ̀ wa. Bó ti wù kó sún mọ́ oòrùn tó, ó ṣì jìnnà sí i tó nǹkan bí ìlọ́po méjì ibi tí ayé wà.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ orúkọ, òun gan-an ló mú kí n yan Mathilde fún ọ̀sẹ̀ yìí.

Lẹ́yìn tí àwọn àwòrán dé, wọ́n ní láti sọ àwọn kòtò náà lórúkọ. Ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ lágbàáyé ló ni iṣẹ́ yẹn, wọ́n sì ti pinnu pé níwọ̀n bí òkúta náà ti dúdú tó báyìí, orúkọ àwọn ibi tí èédú ti ń jáde nínú ilẹ̀ káàkiri ayé ni àwọn máa lò. Bí Karoo ti South Africa ṣe débẹ̀ nìyẹn, àti Ishikari ti Japan, Damodar ti Íńdíà, Jerada ti Morocco. Wọ́n mú Enugu náà. Ní èdè Ígbò, orí òkè ni ìtumọ̀ orúkọ yẹn. Orí òkè ni wọ́n wá fi sọ kòtò lórúkọ. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀, àmọ́ èmi tó jẹ́ pé ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ ni mo fi ń jẹun, mi ò lè gbójú fò ó.

Ọdún 1909 ni àwọn onímọ̀ ilẹ̀ tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rán jáde, tí Albert Kitson ṣáájú wọn, rí èédú lábẹ́ òkè Udi. Ní ọdún 1915 ni wíwà á bẹ̀rẹ̀, nígbà tó sì di 1916, ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin ti so ibẹ̀ mọ́ Port Harcourt. Ìfẹ́ inú kọ́ ni gbogbo àwọn òṣìṣẹ́ àkọ́kọ́ fi wá, àwọn olóyè tí ìjọba yàn ló kó ọ̀pọ̀ nínú wọn wá. Èédú tí wọ́n wà yìí ló ń gbé ọkọ̀ ojú irin Nàìjíríà rìn, òun ni wọ́n sì ń sun ní Ìjọra kí iná mànàmáná lè tàn ní Èkó. Bí ẹ bá ní bàbá àgbà nílé, ará Èjìgbò ni o, ará Ìkìrun tàbí Ọ̀fà, ẹ bi í bóyá ó mọ ọkọ̀ ojú irin eléèéfín. Èéfín yẹn, láti abẹ́ ilẹ̀ Enugu ló ti wá.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 1949, àwọn awakùsà ní Iva Valley, ọ̀kan lára àwọn ibi ìwakùsà Enugu, ń bínú lórí owó iṣẹ́ tí wọ́n ní àwọn ọ̀gá jẹ wọ́n. Wọn ò pa iṣẹ́ tì. Wọ́n ń wọlé, wọ́n sì ń ṣiṣẹ́ wọ́ọ́rọ́-wọ́ọ́rọ́. Ìjọba amúnisìn ní kí àwọn ọlọ́pàá lọ kó ohun abúgbàù tí wọ́n fi ń fọ́ òkúta kúrò níbẹ̀. Ní ọjọ́ 18 oṣù náà, àwọn awakùsà péjọ, wọ́n ń kọrin, wọ́n ń jó. Ọ̀gá ọlọ́pàá tó jẹ́ òyìnbó pàṣẹ kí wọ́n yìnbọn. Èèyàn mọ́kànlélógún ló kú, ọ̀pọ̀ sì fara gbọgbẹ́.

Ọ̀rọ̀ náà ò mọ sí ilẹ̀ Ígbò. Àwọn olóṣèlú tí wọn ò tíì jọ jókòó pọ̀ látọjọ́ yìí dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀, Dókítà Akínọlá Májà, ọmọ Yorùbá, sì ni alága rẹ̀. Kí ẹ lè mọ irú àsìkò tó jẹ́, ẹ rántí pé ọdún 1949 kan náà, ní ọjọ́ 24 oṣù kejìlá, ni àwọn obìnrin orílẹ̀-èdè yìí fẹsẹ̀ rìn lọ sí ọgbà ẹ̀wọ̀n Grand-Bassam láti béèrè àwọn ọkọ àti àwọn olórí wọn tí ìjọba Faransé tì mọ́lé. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún péré ló wà láàárín ìṣẹ̀lẹ̀ méjèèjì. Àwọn ọmọ wa ń kọ́ nípa ti Grand-Bassam níléèwé. Ti Iva Valley, àwa òbí ló máa sọ ọ́ fún wọn nílé, torí kò sí nínú ìwé wọn.

Mi ò rò pé ẹni tó kọ Enugu sórí máàpù Mathilde ń ronú nípa èèyàn mọ́kànlélógún yẹn. Orúkọ ibi tí èédú wà ló ń wá, ó rí i, ó kọ ọ́. Mi ò bá a jà. Inú mi tiẹ̀ dùn pé orúkọ náà wà níbẹ̀, torí ibi tó pọ̀ lójú ọ̀run, orúkọ àwọn ọlọ́run àtijọ́ ti Gíríìsì àti Róòmù ló gbà á kan. Èyí, orúkọ ibi iṣẹ́ ni. Àwọn tó ń ti ibẹ̀ bọ̀ nírọ̀lẹ́, ara wọn dúdú fún eruku èédú, ló sọ ọ́ di ibi tí ayé mọ̀.

Ọkọ̀ NEAR kọjá lọ sí ọ̀dọ̀ Eros, orí rẹ̀ ló sì balẹ̀ sí ní oṣù kejì ọdún 2001. Ọkọ̀ kankan ò tíì padà lọ sọ́dọ̀ Mathilde. Nǹkan bí ìdajì ara rẹ̀ ni kámẹ́rà rí lọ́jọ́ yẹn, torí Mathilde kì í kánjú yípo, ọjọ́ mẹ́tàdínlógún àti wákàtí mẹ́wàá ló fi ń yí lẹ́ẹ̀kan. Láti ìgbà náà, ó ti yí oòrùn po ju ìgbà mẹ́fà lọ. Bí ilẹ̀ bá mọ́ ní kòtò Enugu níbẹ̀, á tó nǹkan bí ọjọ́ mẹ́jọ sí mẹ́sàn-án kó tó tún ṣú.